Ọdẹ àti Àkekèé Lórí Àpáta

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kànga gbígbẹ́. Ìlú olókùúta ni ìlú rẹ̀, àpáta ńlá kan sì wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò gbẹ́ kànga kò gbọ́dọ̀ kánjú. Ó lè gbẹ́ ilẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí kòtò náà má jìn ju orúnkún rẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí kì í kánjú, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ó ní ọmọkùnrin méjì, ó sì kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́. Iṣẹ́ kànga kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan á wà nísàlẹ̀, ẹnì kan á wà lókè. Ẹni ìsàlẹ̀ ni ó ń fi dígà wa òkúta, tí ó ń kó o sínú garawa. Ẹni òkè ni ó ń fi okùn fà á. Garawa òkúta wúwo, nítorí náà ẹni ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ gbé e dé èjìká ara rẹ̀, kí ó lè rọ ẹni òkè lọ́rùn. Á wá pè pé, "Ó dọwọ́?" Bí ẹni òkè bá ti di okùn mú dáadáa, á dáhùn pé, "Ó dọwọ́." Ìgbà yẹn ni ẹni ìsàlẹ̀ á tó yọ ọwọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ yìí ni bàbá náà kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó gbé dígà lé wọn lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, wọn a máa jókòó sí àgbàlá kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn lára. Tíṣà kan tí bàbá náà gbẹ́ kànga fún ti kọ́ ọ ní orúkọ àwọn ìràwọ̀ kan, òun náà sì fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé àwọn ará àtijọ́ pín ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀ lọ́dún sí ibùdó méjìlá, wọ́n sì sọ ibùdó kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Àkàn, ọ̀kan ń jẹ́ Ìbejì, ọ̀kan ń jẹ́ Àkekèé. Àkekèé ni ó fẹ́ràn jù, nítorí òun ni ó jọ orúkọ rẹ̀. Ìràwọ̀ pupa kan wà ní àyà rẹ̀ bí ẹyin iná, ìrù rẹ̀ sì ká sókè gẹ́lẹ́ bí ìrù àkekèé tí a ṣí òkúta kúrò lórí rẹ̀. Ó tún fi Ọdẹ hàn wọ́n. Ọdẹ kò sí nínú àwọn méjìlá, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ àti ti Àkekèé kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni ó tò ní ìbàdí rẹ̀ bí ìgbànú.

Bàbá náà ní Ọdẹ yìí ń fọ́nnu nígbà ayé rẹ̀. Ó ní kò sí ẹranko tí òun kò ní pa tán. Ilẹ̀ gbọ́, inú ilẹ̀ kò sì dùn. Ilẹ̀ la ẹnu, àkekèé kan jáde, ó ta Ọdẹ ní gìgísẹ̀, Ọdẹ sì kú. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sójú ọ̀run, ṣùgbọ́n wọ́n fi wọ́n jìnnà síra. Bí Àkekèé bá ń gba ìlà oòrùn wọlé, Ọdẹ a ti gba ìwọ̀ oòrùn jáde. Wọn kò ní fojú kan ara wọn títí ayé.

"Èmi ni Ọdẹ," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Èmi ni Àkekèé," ni àbúrò wí. "Ẹ tọ́jú gìgísẹ̀ yín."

Wọ́n sá lé ara wọn yí àgbàlá ká títí ìyá wọn fi ní kí wọ́n wá jẹun. Bàbá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé ti ń pè wọ́n ní Ọdẹ àti Àkekèé. Nígbà tí wọ́n dàgbà tí wọ́n gbé ìyàwó, orúkọ náà kò kúrò lára wọn.

Ní ọdún kan wọ́n ń gbẹ́ kànga ní ìsàlẹ̀ ọjà. Àbúrò wà nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n wà lókè. Àgbàlagbà kan ń kọjá lọ, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe níbí. A kì í kí àgbà pẹ̀lú fìlà lórí. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè láti ṣí fìlà. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ohùn ti ìsàlẹ̀ wá pé, "Ó dọwọ́?" Ẹnu rẹ̀ ti mọ ìdáhùn náà jù. Ó ní, "Ó dọwọ́," nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí fìlà. Àbúrò yọ ọwọ́ kúrò. Garawa òkúta já lé e lẹ́sẹ̀, ó sì fọ́ eegun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun. Ojú ti ẹ̀gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè lọ wò ó. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀la ni òun máa lọ. Àbúrò tí ó dùbúlẹ̀ rò pé ìgbéraga ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ níkẹyìn tí ó dé ẹnu ọ̀nà, àbúrò ní kí ìyàwó òun sọ pé òun ti sùn. Ẹ̀gbọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá. Ó yí padà. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí èébú, kò sí ìjà. Wọn kò kàn jọ sí níbì kan mọ́.

Bàbá wọn lè pe àwọn méjèèjì jókòó. Kò pè wọ́n. Ẹ̀rù bà á pé bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á sọ ohun tí kò ṣeé kó padà. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n pé, "Àárọ̀ ni kí o máa wá kí mi." Ó sọ fún àbúrò pé, "Ìrọ̀lẹ́ ni kí o máa wá." Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ń gbé oúnjẹ àárọ̀ wá, ìyàwó àbúrò ń gbé talẹ́ wá. Nígbà ọdún iléyá, ọ̀kan á jẹ ẹran tirẹ̀ kúrò kí èkejì tó dé. Àwọn ará àdúgbò yin bàbá náà. Wọ́n ní ó mọ ilé tò, wọ́n ní kò sí ariwo lágbàlá rẹ̀. Òun náà ń wo ojú ọ̀run, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí Ẹlẹ́dàá ṣe tò wọ́n lókè náà nìyẹn.

Bíríkìlà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Bí ó bá rí ẹ̀gbọ́n tí ó ń lọ, á na ọrùn lójú fèrèsé, á ní, "Bàbá Kànga, Ọdẹ ti wọ̀ o. Ẹ lè sọ fún Àkekèé kó máa yọ bọ̀." Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Bàbá náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì wọlé.

Ìyàwó àbúrò kì í rẹ́rìn-ín sí i. Bí ọkọ rẹ̀ bá dúró lẹ́yìn ilé tí ó ń yọjú wò bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ, á ní, "Ẹ rọra o. Bí ẹ bá fi pàdé báyìí, ọ̀run á ya."

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Àrùn tí kì í dun ènìyàn ni. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń jẹ ojú bọ̀ wá sí àárín. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé èyí tí ó ti lọ nínú ojú náà kò ní padà, àti pé ìyókù náà máa lọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá ní òun mọ bí ó ṣe rí. Ó ní bí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kànga ni òun ṣe ń rí ayé, òkùnkùn yíká, ìmọ́lẹ̀ róbótó kan lókè. Ó ní ojoojúmọ́ ni kànga náà ń jìn sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ìyàwó àbúrò gbé oúnjẹ wá, ó sọ fún un pé, "Ìyàwó, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ojú yìí tó dí. Mo fẹ́ rí àwọn ọmọ mi méjèèjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ pè wọ́n nígbà náà."

"Bí mo bá pè wọ́n, ọ̀kan kò ní wá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Bàbá na ìka sókè.

"Bàbá," obìnrin náà ní, "ojú ọ̀run kọ́ ló bí wọn." Ó kó àwo rẹ̀, ó sì lọ.

Ó di ìparí oṣù Ẹ̀bìbì, ìyẹn Méè. Ìgbà yẹn ni Ọdẹ máa ń fi ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, a kì í sì í rí i nírọ̀lẹ́ mọ́ títí ọdún yóò fi ń parí lọ. Bàbá mọ̀ pé kí Ọdẹ tó padà, ojú òun á ti dí tán. Kò lè rí ìràwọ̀ kankan mọ́ báyìí pàápàá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹnì kan bá òun wò ó lọ. Láti àgbàlá, ògiri àti igi máńgòrò bo ẹsẹ̀ ọ̀run. Ó ní òun fẹ́ gun àpáta.

Ó tò ó bí ó ṣe máa ń tò ó. Ẹ̀gbọ́n á gbà á gòkè kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á jọ sìnkú Ọdẹ. Bí Ọdẹ bá ti wọ̀, ẹ̀gbọ́n á gba ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn sọ̀kalẹ̀. Àbúrò á wá gba ọ̀nà ìlà oòrùn gòkè nígbà tí Àkekèé bá yọ, á sì mú bàbá délé. Láàárín ìgbà méjèèjì, bàbá á dá jókòó díẹ̀. Ó ní nǹkan kan kò ní jẹ òun.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì fọ ojú ọ̀run mọ́. Ẹ̀gbọ́n mú bàbá rẹ̀ gòkè, ó fi í jókòó sí ibi tó tẹ́jú, òun náà jókòó síwájú rẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ ṣú.

"Ṣé ó ti hàn?"

"Ó ti hàn, Bàbá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀."

"Ìgbànú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì wà nídìí rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kì í tú aṣọ sùn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ó bá wọ̀, kí o máa lọ. Àbúrò rẹ á wá mú mi."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wo àpáta náà. Omi ṣì wà lójú rẹ̀, ó ń dán. Ó wo bàbá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ríran. Ó pinnu pé bí Ọdẹ bá wọ̀ pàápàá, òun kò ní dìde.

Nísàlẹ̀, àbúrò náà wo omi tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò ó pé àpáta á máa yọ̀. Ó rò ó pé bàbá wà níbẹ̀ lóun nìkan. Kò dúró de àsìkò tí wọ́n dá fún un. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Nígbà tí ó dé orí àpáta, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ nìkan ni ó rí. Ó yíjú wo ìlà oòrùn, kí ó lè mọ ohun tí òun máa wí bí bàbá bá bi í pé kí ló dé tí ó tètè dé.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Àkekèé ti yọ."

"Kí lo wí?"

"Mo ní Àkekèé ti yọ. Orí rẹ̀ ti jáde, ẹyin iná àyà rẹ̀ náà ti jáde. Ìrù rẹ̀ ló kù."

Bàbá kọjú sí ibi tí ẹ̀gbọ́n wà. "Ìwọ tó wà níbí. Ṣé Ọdẹ ti wọ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè gbé irọ́ lé bàbá tí kò ríran lọ́wọ́. Ó ní, "Kò tíì wọ̀, Bàbá."

Àbúrò gbọ́ ohùn náà. Ó pa tọ́ọ̀ṣì.

"Ọ̀kan nínú yín ń purọ́," ni bàbá wí.

"Èmi kọ́." Àwọn méjèèjì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ láyé àtijọ́ bí ìkòkò bá fọ́.

"Ojú mi kò lè bá mi dá a," bàbá ní. "Ẹ̀gbọ́n, yíjú sí ìlà oòrùn kí o wò ó fún mi. Àbúrò, ìwọ yíjú sí ìwọ̀ oòrùn."

Wọ́n yíjú. Kí ẹ̀gbọ́n tó lè rí Àkekèé, ó ní láti wo orí àbúrò rẹ̀ kọjá. Kí àbúrò tó lè rí Ọdẹ, ó ní láti wo orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá.

"Ó yọ lóòótọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Kò tíì wọ̀," ni àbúrò wí.

"Wọ́n jọ wà níbẹ̀?"

"Wọ́n jọ wà níbẹ̀, Bàbá. Ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀."

Bàbá gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó ní, "Bóyá òkè ló bo ẹsẹ̀ ọ̀run níbi tí ẹni tó kọ́kọ́ pa ìtàn yẹn jókòó sí. Tèmi, ògiri ni. Ní gbogbo ọdún yìí, ògiri àgbàlá mi ni mo fi ń wọn ojú ọ̀run. Mo sì fi wọn ẹ̀yin náà." Ohùn rẹ̀ kò le. Ó kàn sọ ọ́ ni.

Àbúrò yí ẹsẹ̀ padà. Ó gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n rí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti to eegun náà, kò tíì rí bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń dúró rí.

"Ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń dùn ọ́?"

"Bí òjò bá rọ̀ ni."

"N kò mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀?" ni àbúrò wí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú.

Ó tó àkókò àtisọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè mú afọ́jú sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta tí ó tutù. Wọ́n tú aṣọ ìbora bàbá, wọ́n so ó mọ́ ọn nídìí. Àbúrò lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ó lè máa gbé ẹsẹ̀ bàbá síbi tó dára. Ẹ̀gbọ́n dúró lókè, ó di etí aṣọ mú. Wọn kò bá ara wọn sọ bí wọ́n ṣe máa pín in. Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Àbúrò gbé ẹsẹ̀ bàbá lé ọwọ́. Kò wo òkè. Ó ní, "Ó dọwọ́?"

Lókè, ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà orí rẹ̀, ó jù ú sórí àpáta. Ó wé aṣọ náà mọ́ ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì dì í, ó fi ẹsẹ̀ ti òkúta. Ìgbà yẹn ni ó tó wí pé, "Ó dọwọ́."

Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bíríkìlà gbọ́ ìró wọn láti ìsàlẹ̀. Ó ké sí wọn pé, "Ta nìyẹn lókè? Ẹ kú alẹ́ o."

Ẹ̀gbọ́n kò dáhùn.

"Mo ní ẹ kú alẹ́. Àbí ẹ ò gbọ́ ìkíni ni?"

Ẹ̀gbọ́n kò dáhùn. Àbúrò gbọ́ bí kò ṣe dáhùn. Ó rẹ orí sílẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ bàbá. Ó di ìgbà tí ẹsẹ̀ bàbá kan ilẹ̀ dáadáa kí ẹ̀gbọ́n tó tú aṣọ kúrò lọ́wọ́, tí ó wá wí pé, "Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ò ṣófo ni."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá ní kí àwọn méjèèjì dúró níwájú òun nínú oòrùn. Wọ́n dúró. Ó gbé ojú sókè, ó ń wá wọn. Ó rí ẹ̀gbọ́n, àbúrò sì bọ́ sínú òkùnkùn. Ó yí orí, ó rí àbúrò, ẹ̀gbọ́n sì bọ́ sínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú rẹ̀ kò gba ènìyàn méjì mọ́.

Ó ní, "Ẹ sún mọ́ra."

Wọ́n sún mọ́ra. Èjìká kan èjìká.

"Ẹ sún mọ́ra sí i. Ẹ kò tíì wọ inú rẹ̀ tán."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, ó fà á mọ́ra, títí etí ọ̀kan fi kan etí èkejì. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, àwọn ọkùnrin tí ewú ti wà lórí wọn.

Bàbá wò wọ́n títí. Ó ní, "Ó tó."

Àbúrò mi, ìwọ tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, mo gbọ́ ọ lórí fóònù lánàá. O pe aládùúgbò ìyá rẹ, o bi í pé, "Ṣé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lọ?" O fẹ́ kí ó lọ tán kí o tó wọlé. Òun náà, bí ó bá gbọ́ ìró alùpùpù rẹ, á gba ẹ̀yìnkùlé. O sọ fún mi pé ẹ kò bá ara yín jà. Mo gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, má bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń lọ, kó pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀, kó tètè dé díẹ̀. Ìwọ ni ò ń bọ̀, nítorí náà tètè lọ. Bí ó bá bá ọ lójijì tí o kò mọ ohun tí o máa sọ, bi í léèrè ohun tí ó ń dùn ún. Kí o sì lọ nísinsìnyí tí ìyá yín ṣì lè rí yín láìjẹ́ pé ó ń wí fún yín pé kí ẹ sún mọ́ra sí i.